Ọjọ́ Tí Jíìpù Dé Abereke

Fẹ́yìsetán, ìyá Kọ́lájọ, kú sínú jíìpù ọmọ rẹ̀ ní etí òkun Abereke, níbi tí mọ́tò kankan kò dé rí.

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí mọ́tò ṣe dé ibi tí kò sí títì, kí ó jókòó kí ó gbọ́, ṣùgbọ́n kí ó má retí ọ̀rọ̀ dídùn.

Àwọn méjì péré ni ìyá náà bí tí wọ́n yè. Kọ́lájọ ni àgbà, Moríkẹ́ ni ó tẹ̀lé e. Kọ́lájọ ń gbé ní Àbújá, ó ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe níbẹ̀, nǹkan sì ń lọ déédéé fún un. Moríkẹ́ kò kúrò ní Abereke. Godwin apẹja ni ó fẹ́, ilé wọn kò sì jìnnà sí ti ìyá rẹ̀. Tí ẹnì kan bá wúkọ́ nínú ọ̀kan, wọ́n á gbọ́ ọ nínú èkejì. Òun ni ó ń se oúnjẹ ìyá, òun ni ó ń pọn omi fún un, òun ni ó ń fi òróró ra orúnkún rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Láti ìgbà tí ojú ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ohun kan ṣoṣo ni Moríkẹ́ ń bẹ Ọlọ́run fún: kí ìyá òun má ṣubú. Ó ti rí àgbàlagbà tí ó ṣubú láti ilé orí omi. Wọn kì í dìde dáadáa mọ́.

Ilé ìyá náà ni ó kẹ́yìn ní ìhà ọ̀sà. Orí òpó igi ni ó dúró sí bíi ti gbogbo ilé yòókù, afárá pákó kan sì ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sí orí iyanrìn. Pákó afárá náà nípọn, igi líle sì ni. Kọ́lájọ ni ó ṣe é fún un nígbà tí owó kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀. Ìyá náà kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ afárá yẹn. Ó mọ pákó tí ó máa ń dún, ó mọ èyí tí ìṣó rẹ̀ yọrí. Yóò jáde ní ẹnu ọ̀nà fàù bí ọmọge, kò ní di ohunkóhun mú.

Àwọ̀n títúnṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọ̀n ẹnikẹ́ni bá ya, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Kò nílò ojú fún un. Ìka rẹ̀ á máa rìn lórí àwọ̀n náà títí yóò fi bá ibi tí ó ya, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Kò lè jókòó ti àwọ̀n tí ó ya kí ó má fọwọ́ kàn án. Nígbà kan tí wọ́n lọ kí ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, ọwọ́ rẹ̀ kan àwọ̀n tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, ó ya, kí wọ́n tó gbàdúrà tán, ó ti tún un ṣe. Gbogbo Abereke ni ó fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ̀rín.

Ohun tí ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni mọ́tò Kọ́lájọ. Ìyá rẹ̀ kò yéé sọ̀rọ̀ mọ́tò tí kò rí rí. Kì í fẹ́ lọ sí Àbújá, ó ní ta ni òun mọ̀ níbẹ̀, mọ́tò náà kò sì lè wá bá a. Ìyá Ọlọ́rundáre, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà, kì í jẹ́ kí ó sinmi.

"Ìyá Kọ́lájọ, mọ́tò ọmọ rẹ yìí, ṣé abẹ́ omi ló ń gbà ni? Ojú wa kò kúkú tó o rí."

"Ó wà ní Àbújá."

"Ó wà ní Àbújá! Tèmi náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàálù ni. Mo ní kí wọ́n máa bá mi fọ̀ ọ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ìyá Kọ́lájọ pàápàá á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí ọmọ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, yóò ní, "Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa o." Yóò sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré. Moríkẹ́ tí ó ń bá a di fóònù mú létí mọ̀ pé eré kọ́.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, Kọ́lájọ pe Moríkẹ́.

"Moríkẹ́, mò ń bọ̀ wá sinmi ní Kérésì. Èmi àti Beauty. Mo ti ra jíìpù tuntun, èyí tí wọ́n ṣe fún iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀. Mò ń gbé e bọ̀."

"Ẹ ó gbé e sí Igbókòdá, níbi tí títì parí sí."

"Ta ló sọ Igbókòdá? Abereke ni mò ń gbé e bọ̀."

Moríkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbàgbé ilé ni? Orí kí ni yóò máa rìn?"

"Etí òkun. Ṣé iyanrìn ti tán níbẹ̀ ni?"

"Ó ń tán lọ. Òkun ti jẹ ẹ́ dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lókè lọ́hùn-ún, ó ti la ilẹ̀ já sínú ọ̀sà, ọkọ̀ là ń wọ̀ sọdá ibẹ̀ báyìí."

"Èyí tó kù tó mi. Moríkẹ́, gbọ́. Àwọn òyìnbó, tí wọ́n bá fẹ́ lọ gbafẹ́ ní ibi tó jìnnà, wọ́n á gbé mọ́tò tiwọn sórí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á gbé e dání lọ. Mo rí i lórí fóònù. Ṣé omi tiwa kì í ṣe omi ni? Mo fẹ́ kí Ìye wọ mọ́tò mi ní iwájú ilé wọn."

Ìye ni wọ́n ń pe ìyá ní ìhà ibẹ̀. Nígbà tí Kọ́lájọ bá ti pe Ìye báyẹn, bí ọmọdé, Moríkẹ́ kì í lè bá a jiyàn mọ́. Ó gbé fóònù fún ìyá wọn.

"Ìye, mò ń gbé mọ́tò náà bọ̀. Tí ẹ bá ti gbọ́ hóònù, èmi ni. Ẹ jáde wá."

"Màá jáde," ni ìyá rẹ̀ wí. "Màá sáré jáde."

Godwin ni ó ní ọkọ̀ ńlá méjì tí ó lè ṣe é. Wọn yóò dè wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn yóò tẹ́ pákó lé wọn lórí, jíìpù yóò dúró lórí pákó. Wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ wá rí, wọ́n sì ti gbé màlúù. Síbẹ̀, inú Godwin kò dùn sí i. Ní alẹ́ tí Moríkẹ́ sọ fún un, ó fọ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú omi, ó tu ú dà sínú ọ̀sà.

"Mọ́tò kì í ṣe màlúù," ó ní.

"Sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe."

"Èmi? Àna mi ni wọ́n. Tí mo bá ní kò ṣeé ṣe, wọ́n á ní ìlara ni. Ó ṣeé ṣe. Mo kàn ní mọ́tò kì í ṣe màlúù ni."

Pákó ni ó kù. Ní Abereke, tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ẹrù tó wúwo, pákó afárá àwọn ará ilé ni wọ́n máa ń tú lò, wọ́n á sì dá a padà ní kété tí ẹrù bá ti gúnlẹ̀. Kò sí ẹni tí í bínú sí i. Ilé tí wọ́n bá tú afárá rẹ̀, wọ́n á ta àwọ̀n sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti òpó kan dé èkejì, kí ọmọdé tàbí àlejò má baà gbẹ́sẹ̀ síta sínú òfìfo. Ẹni tó bá rí àwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà ti mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà àwọn bàbá wọn.

Godwin yẹ gbogbo afárá wò. Pákó àwọn yòókù tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn ti jẹrà. Èyí tí ó lè gbé jíìpù ni ti ìyá Kọ́lájọ.

"Tú ti ẹlòmíràn," ni Moríkẹ́ wí.

"Ti ta ni? Fi èyí tó dára hàn mí."

Moríkẹ́ wò yíká. Kò rí. "Ìgbà wo ni yóò padà?"

"Ọ̀la, tí mọ́tò bá ti gúnlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti kàn án padà."

Wọ́n tú u. Godwin kó pákó náà lọ sí Igbókòdá pẹ̀lú ọkọ̀ méjèèjì. Moríkẹ́ wá àwọ̀n tí yóò ta sí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Gbogbo àwọ̀n tó dára ni àwọn ọkùnrin ti kó lọ sí ojú òkun. Èyí tí ó kù ní abẹ́ àjà ni àwọ̀n àtijọ́ kan tí ó ya ní àárín. Ó dì í mú wò. Ó rí i pé ó ya. Ó ní ọjọ́ kan péré ni. Ó so ó mọ́ òpó méjèèjì.

"Ìye, afárá kò sí o. Wọ́n ti tú u. Ẹ má jáde."

"Mo ti gbọ́."

"Kí ni mo ní?"

"O ní afárá kò sí, kí n má jáde. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ẹsẹ̀ yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Igbókòdá, Godwin ni ó ròyìn rẹ̀ fún Moríkẹ́ lẹ́yìn náà. Jíìpù náà dúdú, ó ga, táyà rẹ̀ tó àyà ọmọdé. Àwọn ènìyàn pé jọ ní etí omi bí ẹni ń wo ẹja àbùùbùtán. Godwin fẹ́ fi okùn nìkan de ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe máa ń ṣe, nítorí okùn, bí ẹ bá fa ìdí rẹ̀, yóò tú. Kọ́lájọ kò gbà.

"Godwin, okùn kẹ̀? Mọ́tò yìí lo fẹ́ fi okùn gbé?"

"Okùn ló dára jù, Ẹ̀gbọ́n. Tí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ kan, a ó lè já èkejì."

"Kí nǹkan má ṣe é ni mo fẹ́." Kọ́lájọ pe káfíńtà kan ní Igbókòdá, ó ní kí ó fi ìṣó ńláńlá kan pákó mọ́ etí ọkọ̀ méjèèjì, kí ó má baà sún. Beauty ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí a gbé mọ́tò yìí sí ibí, bàbá. Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ bí ènìyàn." Kọ́lájọ ní kí ó má ba ayọ̀ òun jẹ́. Godwin kò sọ fún àna rẹ̀ pé afárá ìyá rẹ̀ ni ó tẹ́ sábẹ́ táyà yẹn. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni ń ka oore fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Moríkẹ́ di irun ìyá rẹ̀, ó ró aṣọ àlàárì fún un, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Ìyá náà ní kí ó se púpurú àti ọbẹ̀ ẹja tútù, nítorí ó ní ohun tí wọ́n ń jẹ ní Àbújá kì í yó ènìyàn. Ilé Moríkẹ́ ni iná wà. Ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí ní ìdí àwọ̀n tí ó ta, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i, ó sọ̀kalẹ̀ ní àkàbà ẹ̀yìnkùlé sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀.

"Mi ò ní pẹ́, Ìye."

"Lọ. Èmi náà ń ṣọ́nà."

Ó ń yí púpurú lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ hóònù. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Abereke. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, àwọn ọmọdé ń pariwo, Ìyá Ọlọ́rundáre kígbe pé, "Ẹ gbà mí! Ó ti dé! Mọ́tò ti ń wẹ̀ o!" Moríkẹ́ jáde, ó rí i. Jíìpù ń bọ̀ lórí ọ̀sà, bí ẹni pé omi ni ó ń rìn lé, Kọ́lájọ jókòó nínú rẹ̀, ó yọ ọwọ́ jáde ní fèrèsé, ó ń jù ú. Moríkẹ́ pàápàá rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ni ó wo ilé ìyá rẹ̀.

Àwọ̀n kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Orí itan ìyá rẹ̀ ni ó wà. Ìka ìyá náà ti bá ibi tí ó ya pàdé. Ó ti tú u kúrò lára òpó, ó ti tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, ó ti tún un ṣe dé ìdajì.

"Ìye, ẹ jókòó!" Moríkẹ́ fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe. "Ìye o! Ẹ má dìde!"

Kọ́lájọ tún tẹ hóònù, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, nítorí ó ti rí ìyá rẹ̀ tí ó ń dìde. Moríkẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbọn àwọ̀n kúrò lára, ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó gbẹ́sẹ̀ síta fàù, bí ó ṣe máa ń ṣe.

Omi ti fà lọ ní àkókò yẹn. Ẹrọ̀fọ̀ ni ó wà nísàlẹ̀, àti kùkùté òpó àtijọ́ tí wọ́n kò hú. Orí kùkùté ni ó balẹ̀ sí.

Nígbà tí Moríkẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyá náà kò sunkún. Ó ní, "Afárá dà?" Lẹ́yìn náà ni ó rántí. "Ó ò, o sọ fún mi."

Ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ sì ti wọlé. Bí ó bá mí, ohun kan á máa dún nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e dé orí iyanrìn. Kọ́lájọ bẹ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó dé ibẹ̀, ó ń pe, "Ìye, Ìye, Ìye," kò mọ ohun mìíràn tí yóò sọ.

Ọkọ̀ ni wọ́n nílò. Àwọn ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì yòókù ti lọ sí ojú òkun tàbí sí ọjà Kérésì. Ọkọ̀ kékeré kò lè gba ẹni tí a tẹ́. Wọ́n pe ọlọ́kọ̀ ayára kan ní Igbókòdá, ó ní òun ń bọ̀, gbogbo ènìyàn sì mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ọkọ̀ ńlá méjì ti Godwin nìyí ní iwájú wọn, jíìpù wà lórí wọn. Wọ́n sún wọn mọ́ èbúté, Kọ́lájọ wa jíìpù sọ̀kalẹ̀ sórí iyanrìn. Ìgbà tí gbogbo Abereke ìbá pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe kan ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ yẹn, wọn kò lè sáré, nítorí náà Godwin fa okùn tú lójú ẹsẹ̀. Ìṣó kò tú. Ó mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ ní ìkọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì kan wà ní ìlú kejì," ni Moríkẹ́ wí. "Òdìkejì ibi tí òkun là."

"Ẹ gbé wọn sínú mọ́tò," ni Kọ́lájọ dáhùn. "Ẹ gbé wọn sí i. Godwin, bí o bá ti já ọkọ̀ kan, gba inú ọ̀sà wá bá wa níbẹ̀, kí o gbé wa sọdá."

Báyìí ni ìyá Kọ́lájọ ṣe wọ mọ́tò ọmọ rẹ̀. Moríkẹ́ jókòó sẹ́yìn, orí ìyá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Beauty jókòó ní iwájú, ó ń gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Jíìpù náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ó ń gun iyanrìn bí ẹni pé títì ni.

Ìyá náà fi ọwọ́ pa ara àga. "Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, Ìye," ni Kọ́lájọ wí.

"Ó tutù. Bí àárọ̀ ọyẹ́."

"Ẹ má sọ̀rọ̀, Ìye."

"Ṣé a ti kọjá ilé Ìyá Ọlọ́rundáre?"

Wọn kò tíì kọjá rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé náà ni wọ́n ń gbà lọ. Ìyá Ọlọ́rundáre fúnra rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Tẹ hóònù fún un," ni ìyá rẹ̀ wí.

Kọ́lájọ wo Moríkẹ́ nínú dígí. Moríkẹ́ kò wò ó. Kọ́lájọ tẹ hóònù. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó kúrú.

"Ó ti gbọ́," ni ìyá náà wí, ó sì di ojú rẹ̀.

Wọ́n dé ibi tí òkun la ilẹ̀ já. Kọ́lájọ kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ̀ tó. Níbi tí òun àti Moríkẹ́ ti máa ń lé akàn ní kékeré, ìgbì ni ó ń ṣẹ́ níbẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn wọ inú omi títí ó fi dé àyà rẹ̀, ó padà. Ó ní jíìpù yìí lè la omi kọjá. Moríkẹ́ ní, "Bí ẹ bá gbé Ìye wọ inú omi yẹn, ẹ gbé èmi náà sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó lọ." Kọ́lájọ padà jókòó. Wọ́n ń dúró de Godwin.

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì, wọn kò gbọ́ nǹkan kan àfi òkun. Kọ́lájọ ń sọ ohun tí yóò ṣe: yóò kó ìyá rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, yóò kó o lọ sí Àbújá, dókítà kan wà tí ó mọ̀. Moríkẹ́ fi ọwọ́ sí àyà ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ka èémí rẹ̀. Ìka ìyá náà ń rìn lórí aṣọ Moríkẹ́, ó ń wá ibi tí ó ya. Ó ṣe díẹ̀, ìka náà dúró.

Moríkẹ́ kò sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kọ́lájọ ṣì ń sọ̀rọ̀ dókítà.

Nígbà tí Godwin dé pẹ̀lú ọkọ̀ kan tí etí rẹ̀ ti fàya níbi tí ó ti yọ ìṣó, wọ́n fi ọkọ̀ náà gbé òkú padà sí ilé. Kò sí ẹni tí ó rántí jíìpù. Òkun rántí rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iyanrìn ti gbé táyà rẹ̀ mì, omi iyọ̀ ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní. Akàn ni ó ń gbé inú rẹ̀.

Wọ́n sin ìyá náà sí ìtẹ́ òkú tí ó wà lókè, níbi tí òkun kò tíì dé. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn ènìyàn ti lọ, Kọ́lájọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé náà, ó wo òfìfo.

"Ta ló tú afárá tí mo ṣe fún ìyá mi?"

Godwin la ẹnu. Moríkẹ́ dá a lóhùn ṣáájú rẹ̀.

"Ta ló tẹ hóònù?"

Ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn kò ju ìyẹn lọ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé kó padà. Beauty fẹ́ sọ nǹkan, Kọ́lájọ ní kí ó gbé báàgì. Moríkẹ́ ìbá ti sọ pé òun ni ó ta àwọ̀n tí ó ya sí iwájú ẹni tí kò lè jókòó ti àwọ̀n tí ó ya kí ó má fọwọ́ kàn án. Ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ayára ti ń dúró, Kọ́lájọ wọ ọkọ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ọkọ̀ ẹrù kan já pákó sílẹ̀ ní èbúté. Pákó tuntun ni, ó nípọn, orúkọ Moríkẹ́ ni wọ́n kọ sí i lára. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí ó bá a wá. Godwin kàn án mọ́ òpó ilé ìyá, ó ní bóyá ẹnì kan yóò tún gbé ibẹ̀. Moríkẹ́ pe Kọ́lájọ láti dúpẹ́. Fóònù náà dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún pè é ní Ọjọ́ Àjíǹde, ó pè é nígbà tí àkọ́bí òun àti Godwin, obìnrin, ṣe ìgbéyàwó, ó pè é ní Kérésì. Ó dún, ó dákẹ́.

Nísinsìnyí, ọ̀dọ̀ Moríkẹ́ ni wọ́n ń gbé àwọ̀n tó ya wá. Ó ń tún un ṣe. Fóònù rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí afárá. Pé ìyá òun ti dàgbà, pé yóò kú lọ́jọ́ kan, Moríkẹ́ ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni ó ní, ó sì wà láàyè ní Àbújá, Moríkẹ́ kò sì ní i mọ́.